Ìyá Ọkọ Mi àti Oòrùn Orí Dẹ́kìn

Ikọ́ ìyá ọkọ mi ló lé jẹnẹrétọ̀ jáde nílé wa. Èmi ni mo máa ń yan káàkiri àdúgbò pé èmi ni mo lé e, nítorí owó èsúsú mi ló lọ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ á sọ pé ikọ́ ni.

Ilé wa wà ní Bàrígà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí títì ti tán tí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ. Ó kọ́ yàrá ìsàlẹ̀, ó da dẹ́kìn lé e lórí pé òun ń bọ̀ wá fi òkè kún un, ó ṣe àtẹ̀gùn tó gòkè lọ bá ilé tí kò sí níbẹ̀, ó sì kú. Láti ìgbà yẹn ni irin orí àwọn òpó ti ń nàka sókè, bí ẹni tó ń bi Ọlọ́run léèrè pé ọjọ́ wo ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní òun máa parí ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà lọkọ mi, ọ̀gá pátápátá sì ni nídìí iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé oníbàárà nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀ ti ń parí. Àga kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ ẹ̀ pé mẹ́rin nílé wa, ọjà ni mo ti rà á.

Èmi, bébà ni mò ń tà ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin, lẹ́yìn náà èmi àti ìwé pín gààrí. Lónìí ìwé náà ló tún ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí lára ni. Ó bá mi lára mu bẹ́ẹ̀. Bébà tó bá dákẹ́, a jọ ń gbọ́ ara wa yé.

Nípa iná, transfọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù lọ́jọ́ kan, ó sì jó. Àwọn tó ń mójú tó o ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. A dúró, a dúró. Nígbà tó yá, àwọn kan wá já gbogbo wáyà orí òpó lọ. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ sọ pé àwọn ń bọ̀. Bí ilé wa ṣe bọ́ lára ilé oníná nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré la wá ń tàn ní ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti lè jí i gbé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an ni fèrèsé yàrá Ìyá kọjú sí.

Òkè Ògùn ni Ìyá ti wá. Àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé nílé ló kú, ni ọkọ mi bá lọ mú un wá. Àpò kan ló gbé dání, ó fi okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró dì í yíká lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó di ewúrẹ́. Nígbà tó dé, ó tú àpò náà, ó ká okùn jọ, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi okùn ṣe.

Ó ní, "Ẹni tó bá wá sílé ọmọ, kì í ju okùn ẹrù ẹ̀ nù, Ìyàwó. Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó padà?"

Mo ní, "Ìyá, ta ló fẹ́ lé yín? Èmi tí mi ò rí ẹni bá jà ní gbogbo ọ̀sán?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti dún, Ìyá á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú, á máa húkọ́ bí ẹni tí wọ́n ń gbọn nǹkan dànù nínú ẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kò sí oògùn tí òun lè kọ fún un tí èéfín ò ní borí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti dá orin kan sílẹ̀.

"Ìyàwó, n ó máa lọ sílé o. Èéfín yìí á pa mí, ẹ ó sì tún náwó gbé òkú mi padà sílé. Ẹ jẹ́ n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ. Ó dín owó kù."

Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo mọ ilé tó ń pè nílé. Atẹ́gùn ti ṣí páànù apá kan lọ. Kànga jìn sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ Ìyá ò sì lè gbé korobá omi tó kún mọ́. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ bó bá pe ènìyàn láàárọ̀. Bó bá lọ, ìlọ yẹn la ó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí.

Mi ò sì fẹ́ kó lọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti kú kí n tó mọ ohun tí ǹ bá bi í léèrè. Gbogbo ọmọ mi ti wà nílé ọkọ. Láti ìgbà tí Ìyá dé ni mo tún ti rí ẹni tó ń bi mí ní "Ṣé o ti jẹun?" bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Ọkọ mi náà máa ń bi mí nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni pé "Ṣé oúnjẹ wà?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra rárá.

Bí mo ṣe ń ro èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá ra bébà tí wọ́n máa fi tẹ ìwé ìpolówó fún un. Mo bojú wo àwòrán tó mú dání: ilé ńlá kan, iná ń tàn ní gbogbo fèrèsé ẹ̀.

Mo ní, "Ilé ta nìyí?"

"Orí fóònù ni mo ti mú un, Màmá. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe."

"Ìyẹn ni pé o ò tíì tanná sílé ẹnikẹ́ni."

"Há, mo ti tan án sílé mẹ́ta, Màmá."

"Èwo ló ṣì ń tàn níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di àpótí bébà mi mú kó má baà ṣubú. Ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín báyẹn nígbà tí mo bá bú u, mo lè bá a ṣòwò. Bí onísólà ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó gbé ẹrù ẹ̀ wá, Ìyá gbé àpótí ìjókòó sórí dẹ́kìn láti máa wò ó. Onísólà to gíláàsì dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin lórí irin, kò ga ju orúnkún lọ, wọ́n rọra dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ó gbé bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń yí iná padà sí igun pálọ̀.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, kí ni gíláàsì yìí ń ṣe?"

"Oòrùn ló ń fà mọ́ra, Ìyá. Gbogbo oòrùn tó bá dé ibí, òun ló ń gbé e mì."

"Oòrùn yìí? Oòrùn tó jó mi dúdú lóko iṣu?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Ẹ sì sanwó ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá, ọ̀fẹ́ ni oòrùn."

"Kí lo wá sanwó fún?"

Onísólà wo ojú mi. Mo ní kó dá a lóhùn, òun ló gbowó. Ó ní gíláàsì la sanwó fún. Ìyá mi orí, ó ní èèyàn Èkó dáa, wọ́n ń ta ife, wọ́n ń fi omi ta ẹni lọ́rẹ.

Ọkọ mi wá béèrè pé nígbà òjò ńkọ́, nígbà tí oòrùn bá lọ gbafẹ́? Ni onísólà bá fa nǹkan kan yọ lẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀: abẹ̀bẹ̀ onírin olójú mẹ́ta tó máa ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbé e kiri, kò sílé tó rí atẹ́gùn tó. Mo ní tó bá jẹ́ ti atẹ́gùn ni, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà yìí ti ń jí yẹ̀rì mi lórí okùn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Ó tó àkókò kó ṣiṣẹ́ san án. Wọ́n so abẹ̀bẹ̀ náà mọ́ irin ọ̀kan nínú àwọn òpó tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí nìyẹn, fììrì, fììrì, fììrì. Òpó náà ríṣẹ́ ṣe níkẹyìn.

Ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà gbójú sókè, ó ké sí mi pé, "Ìyá oníbébà, ṣé ẹ fẹ́ gbé ilé yín fò lọ ni?"

Mo ní, "Bí mo bá fò, orí ẹ ni màá kọ́kọ́ bà lé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná tàn láìdún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Èmi tí mo ti rò pé iná àti ariwo, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gílóòbù tàn, fáànù ń yí, a sì ń gbọ́ ìró omi ọ̀sà tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ògiri, èyí tí mo ti gbàgbé pé ó ń dún. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń mí. Ó kàn ń mí ṣáá ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ títí tó fi sọ̀rọ̀ láìlajú pé, "Ìyàwó, ṣé òkú lò ń ṣọ́ ni?"

Mo ní, "Mò ń wo fáànù ni."

A fi àpò bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá sọ ọ́ di ìjókòó. Orí ẹ̀ ló ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà, á máa fi gìgísẹ̀ gbá a pẹ́pẹ́, bí ẹni tó jókòó lé ọ̀tá ẹ̀ lórí. Kò tún dá orin "n ó máa lọ sílé" mọ́.

Ìgbà tó dára nìyẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn mú, atẹ́gùn ń fẹ́. Lọ́jọ́ kan a ń jẹun alẹ́, ọ̀rúnlá tí mo rà lọ́jà ni mo fi se ọbẹ̀, iyanrìn sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín wa. Mo ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀rúnlá, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ilá sí díẹ̀ ni. Ìyá mi tó kú, bó bá fọwọ́ ara ẹ̀ sá ilá, tó gún un, tó sè é, ẹ ó gbàgbé orúkọ yín. Mi ò tún jẹ irú ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà." Mo sọ ọ́ tán, mo pọ́n ìka lá, mo gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lóòjọ́ ti pọ̀ jù kí n máa rántí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iná wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àárẹ̀.

Tí a bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ojú ẹ̀rọ igun pálọ̀ á ti pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. A ò tíì jẹun tán, gílóòbù á ṣẹ́jú, á kú. Mo pe onísólà. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ráyè dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Ó gun dẹ́kìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ wáyà wò, ó yẹ bátìrì wò, ó fi ìka kan gíláàsì, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Màmá, kí ló ń yọ̀ níbí?"

"Ìwọ lo gbé e wá, èmi lò ń bi?"

"Ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ."

"Ẹyẹ wo ló ń yàgbẹ́ tó ń fà?"

Ó nu ún, ó ní a ti ń lo iná jù. Ó bi ọkọ mi bóyá ó ń so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó mọ́ ọn. Ọkọ mi ní òun kì í gbé iṣẹ́ wálé. Mo ní òótọ́ ni, mo lè jẹ́rìí, ilé nìkan ni kì í ti í ṣiṣẹ́. Ó bi mí bóyá mò ń lọ aṣọ. Mo ní kó wo aṣọ ọrùn mi, ṣé ó jọ aṣọ tí wọ́n lọ̀? Ó nu gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ojú ẹ̀rọ tún pọ́n. Abẹ̀bẹ̀ orí òpó nìkan ló ń gbìyànjú. Ìwọ̀nba gílóòbù kan ló sì lè tàn fún wa, bí ọmọ àbúrò tí gbogbo ẹbí sá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún.

Ó wá wọ̀ mí lọ́kàn pé àwọn aládùúgbò ti fa wáyà sí iná wa. Àwọn tó já ti orí òpó lọ, ṣé tèmi ni wọn ò ní lè fà? Mo yí ilé ká, mo wo gbogbo ògiri, mi ò rí wáyà. Inú bí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ró ìró mi le ní ìdí, mo gbé ohùn sókè kí ará ọ̀sà lè gbọ́:

"Ẹni tó bá ń jẹ oòrùn mi mọ́ mi lọ́wọ́, bó ṣe ọkùnrin, bó ṣe obìnrin, kí òòyì máa kọ́ ọ bí abẹ̀bẹ̀ orí òpó yìí! Kó máa yí, kó má mọ ibi tó ń lọ!"

Ìyá wà lórí jẹnẹrétọ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Àmín ní orúkọ Jésù."

Ọkọ mi wò mí bí ẹni pé mo ti ba ilé jẹ́. Ó ní, "Màmá, oòrùn kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń jí lórí iná." Mo ní kó wá ẹni tó jí i fún mi.

Ó fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà ẹ̀ ń pè é, fóònù ẹ̀ kú, ooru ń mú wa, ẹja tí mo rà ti ń rùn nínú fíríìjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bẹ Ìyá pé kó dìde díẹ̀. Ó ṣí àpò kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, ó fà á. Ó dún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ohùn kejì, láti inú yàrá. Ìyá ń húkọ́.

Lówùúrọ̀, mo wọlé lọ kí i. Àpò ẹ̀ wà láàárín yàrá. Okùn aláwọ̀ aró ti yí i ká, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni, Ìyàwó. Mo ti sọ fún ọkọ rẹ. Má ṣe fajú ro. Ẹ ti gbìyànjú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Èkó gbà."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ta bébà fún ènìyàn, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Onítẹ̀wé kan tiẹ̀ béèrè bóyá ara mi ò yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò lè jókòó. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò ṣe rí. Mo ra búrẹ́dì tí Ìyá fẹ́ràn àti súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan fún òtútù Òkè Ògùn, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo dé ilé. Yàrá ẹ̀ ṣófo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Mo rò pé ó ti lọ láìdágbére. Ni mo bá gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo gun àtẹ̀gùn.

Ìyá kúnlẹ̀ lórí dẹ́kìn nínú oòrùn, ó wé gèlè ńlá sórí. Ilá ló ń yí padà. Ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, roboto bí owó kọ́bọ̀, ó tò wọ́n láti etí dé etí lórí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tò wọ́n dáadáa, kò sí àlàfo. Kò sí ibi tí oòrùn lè gbà dé ara gíláàsì bó tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ń fi ìka ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin. Abẹ̀bẹ̀ ń yí lókè orí ẹ̀.

Mo ní, "Ìyá!"

Ó fò sókè. Ó fẹ́ fi ìborùn bo ilá náà, ó tún rí i pé kò ní ká a.

"O tètè dé," ó ní, bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. "Kí ẹ tó dé ni mo máa ń kó o wọlé. Kò tíì gbẹ tán. Èyí tó ti gbẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ gún un kí n tó lọ ni."

"Fún ta?"

"Fún ìwọ ni. Ìwọ lo sọ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, o ò tún jẹ ọ̀rúnlá gidi. Mo ní kí n sá a fún ọ. Nílé wa, orí àpáta la ti ń sá a. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó yìí, mi ò rí àpáta kan ṣoṣo, yẹ̀pẹ̀ àti omi nìkan ni. Mo wá rí i pé ẹ̀yin ti ra tiyín. Ó dúdú, ó tẹ́jú, ó gbóná. Ọmọ yẹn sì sọ ọ́ lójú mi pé gbogbo oòrùn ibí, ara ẹ̀ ló ń fà á mọ́. Ibi tí oòrùn bá pọ̀ sí la sì ń sá nǹkan sí, àbí?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. Mo rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀, ojú mi ti tutù. Ìyá ń wò mí, kò mọ èyí tó máa dá lóhùn.

Mo ní, "Ìyá, gíláàsì yẹn ò lè jẹun tí wọ́n bá bo ojú ẹ̀. Bí oòrùn ò bá rí i, iná ò sí."

Ó wo ilá. Ó wo gíláàsì. Ó wo oòrùn lókè. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn lọ bá a, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà.

"Èmi ni mò ń jẹ oòrùn yín!"

"Ìyá, ẹ fi sílẹ̀."

"Èmi lo ṣẹ́ èpè fún! Èmi náà ni mo tún ṣe Àmín sí i!" Ó di etí irin mú. "Òun ló fà á! Òun ló fà á tí òòyì fi ń kọ́ mi tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí!"

Mo ní oòrùn ọ̀sán ló ń kọ́ ọ lóòyì, ẹni ọdún yẹn kì í kúnlẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀. Kò gbọ́. Ó ní èpè kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu lásán gbà padà. Nílùú wọn, ẹni tó ṣẹ́ ẹ ló ń fi omi tútù gbé e kúrò, ní ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n omi ò sí lára ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ìjọ máa sá fún. Ìrìbọmi náà, omi kọ́ ni?

Ta ni mo jẹ́ tí màá bá a jiyàn? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pọn korobá omi kan, mo gbé e gòkè. A kọ́kọ́ kó ilá náà jọ sínú apẹ̀rẹ̀, èmi àti òun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ̀ kí n gbá a jọ, ó ní á run. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì. Mo bu omi sí ọwọ́.

"Kí ni n ó wí?"

"Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í wọ́n ọ̀rọ̀! Sọ pé o gbé e kúrò."

Mo ní, "Èpè tí mo ṣẹ́ fún ẹni tó ń jẹ oòrùn wa, mo gbé e kúrò. Kí ara ẹ̀ tutù bí omi yìí. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀. Kó má yí lọ síbì kankan." Mo tún bu omi sí ọwọ́. "Kó dúró níbi tó wà."

Mo da omi náà sílẹ̀. Ó ní, "Àmín." Ohùn tiẹ̀ náà kò gbóná mọ́.

Omi ṣì kù nínú korobá. Kò sí bí mo ṣe lè wo gíláàsì tí ilá ti fà mọ́ lára báyẹn kí n sì gbé omi padà sísàlẹ̀. Mo dà á lé e lórí. Ìyá tú ìborùn ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀yìn ọmọ. Nígbà tí a fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, wọ́n ń dán gbinrin, ojú sánmà hàn nínú wọn, orí Ìyá náà sì hàn pẹ̀lú gèlè ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ojú ẹ̀rọ igun pálọ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ó ní ta ló tún un ṣe. Mo ní ìyá rẹ̀ ni. Ó ní ta ló bà á jẹ́? Mo ní ìyá rẹ̀ náà ni. Ó jókòó, a sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí a dákẹ́ ná.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó ti wù kó rí, n ó lọ ní Mọ́ńdè. Ojú ń tì mí. Mo ti di olè iná nílé ọmọ mi."

Ọkọ mi wò mí. Ó mọ̀ pé tó bá di ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu mi ló kù.

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ ti rí olè tó jalè tán tó di ẹrù tó ní òun ń relé? Olè máa ń dúró san án."

"Kí ni n ó fi san án, Ìyàwó? Mi ò lówó."

"Ta ló béèrè owó? Gbogbo àárọ̀ ni gíláàsì yẹn ń fẹ́ fífọ̀. Èmi ń lọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ yín ò lè fọ abọ́. Àti pé ilá tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ gún un? Èmi? Yẹ̀pẹ̀ ni yóò tún dà."

Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun máa dúró, kò sọ pé òun ń lọ. Iná wà títí a fi sùn, ó ṣì wà nígbà tí a jí, a ò sì gbọ́ ikọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ mi kó pákó gorí dẹ́kìn. Ó kan pẹpẹ fún Ìyá láti máa sá ilá, jìnnà sí gíláàsì, ó fi àwọ̀n ẹja bò ó lórí kí ẹyẹ má baà dé ibẹ̀. Ó kàn án tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ pé mẹ́rin. Mo yí i ká, mo tì í wò, kò mì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé e mì.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rù bà mí láti wọ yàrá Ìyá, mo kọ́kọ́ gun òkè. Ó ti wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà ń jà, ó fẹ́ gbé àwọ̀n pẹpẹ lọ, òun sì ń so igun ẹ̀ mọ́ irin òpó. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró ló fi ń so ó. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á ní kókó, ó fi eyín fà á le.

Mo rí okùn náà. Òun náà mọ̀ pé mo rí i. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó, àpò bébà mi wà lórí mi, mo ti pẹ́ fún ọjà.

Ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ lé mi.

"Ìyàwó, sún kúrò níbẹ̀ jàre. O ń dí oòrùn lọ́nà. Ṣé o ti jẹun?"